Ẹjẹ́nsinmi àti Àpótí Àlájà

                                        Ilé Ramanou tó ń tún alùpùpù ṣe,
                                        Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
                                        Bantè.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1996.

Salomé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Fiacre ńkọ́, ṣé ara wọn ti le lẹ́yìn ibà tó dá wọn gúnlẹ̀ nígbà tí mo wá sí Savalou kẹ́yìn? Fiacre fúnra rẹ̀ ńkọ́? Myriam aláròyé ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá gbogbo àgbà àdúgbò jiyàn? Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òjò, ẹ kú iṣu tuntun. Ẹ kú ìsìn pẹ̀lú, kí Ọlọ́run gbọ́ àdúrà tí ẹ ń fi aṣọ funfun gbà. Ní tiwa níbí, a ń jẹ, a ń mu, ọpẹ́ ni. Ramanou ní kí n kí ọ dáadáa, ó wà níta níbẹ̀ tó ń bá ẹ́ńjìnnì ẹnì kan jìjàkadì. Hanane ti wọ kíláàsì kejì, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì sì ti ká, kò jẹ́ ká rí ẹ̀rín rẹ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. O kọ lẹ́tà méjì, mi ò fèsì kan ṣoṣo. Má bínú, má jẹ́ kó dun ọ́. Aṣọ kakí àwọn ọmọ ilé-ìwé ló bò mí mọ́lẹ̀ lóṣù tó kọjá, o mọ bí àwọn ìyá ṣe máa ń ṣe, wọn kò ní gbé aṣọ wá títí ilé-ìwé á fi ku ọ̀la. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa tí mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́ sínú ìwé kó má dà bí àlọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ tí mo fa ìwé náà ya. Lónìí, bó bá fẹ́ dà bí àlọ́, kó yáa dà bẹ́ẹ̀.

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ pé báwo ni ológbò tí o fún mi. Háà, Salomé! Nígbà tí o gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ fún mi lọ́dún tó kọjá, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Ramanou fi bi mí pé ṣé eku ni ọ̀rẹ́ mi fi ta mí lọ́rẹ. Ní báyìí òun ló ni ilé, àwa ni ayálégbé. Ramanou ló sọ ọ́ ní Ẹjẹ́nsinmi, nítorí kò sí ìgbà tí èèyàn máa dé tí kò ní bá a lójú oorun. Á sùn sórí máṣíìnì mi, á sùn sórí aṣọ oníbàárà, á sùn sínú fìlà tí Ramanou fi ń lọ kí Jímọ̀. Tí o bá fọwọ́ kàn án, á la ojú kan ṣoṣo, á wò ọ́ bí ìyálé ṣe ń wo ìyàwó tuntun, á sì pa ojú náà dé.

Odó nìkan ló ń jí i. Jẹ́ kí n ki ọmọ odó bọ odó báyìí, ibi yòówù kó wà, á ti dé. Á jókòó síwájú odó gbọnin. Bí ọmọ odó bá lọ sókè, á gbé orí sókè. Bó bá balẹ̀, á sọ orí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa ṣe é títí iyán á fi kúnná. Bí mo bá dáwọ́ dúró láti nu òógùn ojú, á ké sí mi pé kí ló dé. Kò kúkú ní jẹ iyán náà o! Iṣẹ́ ló wá bojú tó. Ọmọ yìí kì í sì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ìlẹ̀kùn lè ṣí sílẹ̀ gbayawu, á yí ilé po, á gun orí ìkòkò omi, á bẹ́ gba fèrèsé wọlé, á wá lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ yẹn, á máa wo àwọn tó ń kọjá. Mo ti bi í léèrè ìdí rẹ̀ títí, kò dá mi lóhùn.

Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ni ti omi. Omi wà nínú àwo tirẹ̀, kò ní mu ún. Inú búútà tí Àlájà fi ń ṣe àlùwàlá ló ń ki ẹnu bọ̀.

O mọ Àlájà Bilkissou, ìyá ọkọ mi. O mọ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì ń kó gbodò, iṣu gbígbẹ, láti Tchetti lọ tà ní Savalou, tí ohùn wọn máa ń ṣáájú wọn dé ọjà. Àwọn ni wọ́n bá awakọ̀ kan jà títí tí awakọ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ara rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n o ò mọ bí wọ́n ṣe dà lẹ́yìn Mẹ́kà. Láti ọdún 1991 tí wọ́n ti dé, ọ̀rọ̀ ikú ni láàárọ̀, ọ̀rọ̀ ikú ni lálẹ́. Wọ́n kó ọjà fún àbúrò wọn, wọ́n ní àwọn ti parí tiwọn. Tí mo bá ní kí n rán ẹ̀wù fún wọn, wọ́n á ní, "Ta ni yóò wọ̀ ọ́ gbó?" Ramanou gbin kajú sẹ́yìn ilé, wọ́n ní kó má ka àwọn mọ́ ẹni tí yóò jẹ nínú rẹ̀. Ìyẹn ló sì máa ń bà mí nínú jẹ́ jù, Salomé. Obìnrin tó le koko, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbé e lọ mọ́sálásí lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ó wà láàárín wa bí ẹni tó ti di ẹrù tán tó ń dúró de ọkọ̀.

Ẹrù náà sì wà lóòótọ́. Aṣọ funfun kan ni, aṣọ tí wọn yóò fi sin wọ́n. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n rà á ní Mẹ́kà, wọ́n fi omi sámúsámù fọ̀ ọ́ níbẹ̀, wọ́n sá a sí oòrùn ibẹ̀, wọ́n ká a, wọ́n sì fi àyà gbé e wálé, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé e nínú ọkọ̀ òfuurufú. Inú àpótí pákó tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ló wà, nínú yàrá wọn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì so mọ́ etí ìró wọn tọ̀sán-tòru.

Nítorí pé aṣọ ni iṣẹ́ mi, èmi ni wọ́n fi ìtọ́jú rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti ń lọ kírun, wọ́n á tú kọ́kọ́rọ́ fún mi. Màá ṣí àpótí, màá wo aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan bóyá kòkòrò ti dé ibẹ̀, màá gbé tùràrí tó ń rú èéfín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá sì ṣí i sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Tí mo bá fẹ́ pa á dé, mo gbọ́dọ̀ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n ṣe Bísímílàhì, kí n pa ìdérí dé, kí n sì tì í. Òfin Àlájà ni. Wọ́n ní a kì í wo aṣọ ìkẹyìn lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, àfi ẹni tó bá fẹ́ kó tètè wúlò. Mo ti pa òfin yìí mọ́ fún ọdún márùn-ún, mi ò sì mọ̀ pé òun ni yóò kó mi sí yọ́ọ́yọ́.

Ọ̀rọ̀ Àlájà àti Ẹjẹ́nsinmi kò wọ̀ rárá. Wọn kì í pe orúkọ rẹ̀. "Ẹrù Salomé" ni wọ́n ń pè é. "Ẹ wá gbé ẹrù Salomé kúrò lẹ́nu búútà mi o!" Igbe àràárọ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí Alfa Amidou wá kí wọn ni wọ́n fẹjọ́ sùn. Alfa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ológbò wà lára àwọn tó ń rìn yí wa ká nínú ilé, ẹnu rẹ̀ kì í ba omi àlùwàlá jẹ́. Àlájà gbà nítorí pé Alfa ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n na ìka sí mi. Wọ́n ní, "Kafayath, mo gbọ́ ti omi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan àpótí mi, ọjọ́ náà ni yóò padà sí Savalou." O sì mọ̀ pé Àlájà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré.

Wàyí o, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, ikùn Ẹjẹ́nsinmi ti tóbi débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Ó ń tú gbogbo igun ilé. Ó wọ inú aṣọ kakí, ó jáde. Ó wọ inú táyà Ramanou, ó jáde. Ó wọ inú agbọ̀n ẹ̀gúsí, mo lé e jáde. Ramanou ní ó ń wá ilé ìgbẹ̀bí ni, pé kí n yáa fún un ní lẹ́tà kó lọ rí agbẹ̀bí ní ọsibítù. Mo tẹ́ àkísà tó mọ́ sínú páálí fún un. Ó wo páálí náà, ó wo ojú mi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù náà, Àlájà lọ kírun, mo ṣí àpótí bí ìṣe mi, mo wo aṣọ, mo gbé tùràrí sí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sídìí máṣíìnì ni ojú ọ̀run bá ṣú. A sá gbodò sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé, gbodò odidi ọ̀sẹ̀ kan. Mo ké sí Hanane, àwa méjèèjì gbé abọ́ àti àpò, a sáré. Ká tó kó ìdajì, òjò ti dé. Salomé, òjò náà nà wá bí ẹni tí a jẹ lówó! Nígbà tí mo máa fi gbé àpò tó kẹ́yìn wọlé, òjò ti dá, mo sì gbọ́ ohùn Àlájà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń bọ̀. Mo rántí àpótí. Mo fò wọ yàrá bí ẹni tí oyin lé, mo gbé tùràrí kúrò, mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Bísímílàhì, gbà! Mo tì í. Wọ́n wọlé, mo fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn. Wọ́n ní, "O ṣeun, ìyàwó mi."

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ mo gún iyán. Mo gún un kúnná, kò sí ẹni tó wá bojú tó mi. Ìgbà yẹn ni mo fura. Mo ké "Ẹjẹ́nsinmi! Ẹjẹ́nsinmi!" títí àwọn ará ilé kejì fi bi mí pé ta ló ń dí mi lọ́wọ́ láti sinmi. Ramanou wo abẹ́ gbogbo alùpùpù tó wà nílẹ̀. A dé orí àpáta, a dé ìdí kajú. Hanane ń sunkún pé ajá ti pa á jẹ, mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún pé ó lọ bímọ sínú igbó ni, yóò padà. Ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́. Mo ti ń rò ó pé kí ni màá kọ sí ọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Àlájà ní kí Ramanou pe gbogbo wa wá sí yàrá àwọn. A wọlé, a bá wọn lórí ẹní. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ funfun, wọ́n fi ìborùn bo orí, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ wọn. Ojú wọn tutù pẹ̀sẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Àkókò ti tó."

Ramanou ní, "Àkókò kí ni, Àlájà?"

Wọ́n ní nígbà tí àwọn dìde láti ṣe àlùwàlá ni àwọn gbọ́ ohùn kan láti inú àpótí. Ohùn tín-ín-rín, bí ọmọ tuntun tó ń sunkún lọ́nà jíjìn. Wọ́n ní àwọn rò pé etí àwọn ni. Wọ́n tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta. "Aṣọ mi ló ń pè mí. Ọdún márùn-ún ni mo ti fi ń retí rẹ̀, ó sì pè mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò fi ariwo pè mí. Mo dúpẹ́."

Salomé! Ramanou bú sẹ́kún, ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ kan gbé alùpùpù! Àlájà bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, wọ́n ní, "Kafayath, bí mo bá ti fi ẹnu ṣẹ̀ ọ́ nínú ilé yìí, forí jì mí." Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ti fi ẹnu ṣẹ̀ mí o, wọ́n ti ṣẹ̀ mí dáadáa! Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ fò lọ lọ́kàn mi. Mo dì mọ́ ẹsẹ̀ wọn, mo ní kí wọ́n má lọ, pé ta ni yóò máa bá mi jà láàárọ̀. Wọ́n ń fọwọ́ pa mí lórí. Wọ́n ní kí a fi búútà àwọn ta Alfa lọ́rẹ. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Àti ẹrù Salomé yẹn, tó bá padà dé, ẹ jẹ́ kó máa mu omi rẹ̀ níbi tó bá wù ú." Ìyẹn ló wá mú Hanane bú sẹ́kún pátápátá.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, wọ́n nà án sí mi. Wọ́n ní kí n gbé aṣọ àwọn jáde, kí n wò ó bóyá ó pé.

Mo kúnlẹ̀ síwájú àpótí. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Bí mo ṣe fẹ́ yí i báyìí, mo gbọ́ ohùn náà. Ó tín-ín-rín bí wọ́n ṣe sọ, ó ń bọ̀ láti inú aṣọ òkú. Mo ní lọ́kàn mi pé, "Lá ìláhà illa Allah, òótọ́ ni!" Mi ò tíì rí ìyanu rí láyé mi, Salomé, mo rò pé ọjọ́ náà ni mo rí i, mo sì fẹ́ sá. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kejì lábẹ́ ti àkọ́kọ́, ohùn kan tó ń kùn ùn-ùn-ùn bí máṣíìnì tí èèyàn ń tẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo mọ ohùn yẹn. Lórí itan mi ló ti ń kùn láti ọdún tó kọjá.

Yéè, mo gbé! Mo rántí Bísímílàhì tí mo ṣe, mo rántí ojú tí mo yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi ni mo tì í mọ́bẹ̀. Mo rò pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Aṣọ Mẹ́kà, aṣọ sámúsámù, aṣọ tí ìyá ọkọ mi fi àyà gbé la òkun kọjá! Bí mo bá ṣí i, kí ni màá sọ? Bí mi ò bá ṣí i, ẹ̀mí wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi kọ̀, kò yí kọ́kọ́rọ́. Àlájà wà lẹ́yìn mi, wọ́n rò pé ẹ̀rù ikú ló ń bà mí. Wọ́n ní, "Ṣí i, ìyàwó mi. Má bẹ̀rù, tèmi ni, kì í ṣe tìrẹ."

Mo ṣí i.

Ó nà gbalaja sórí aṣọ funfun náà. Ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́mú rẹ̀. Méjì dúdú, ọ̀kan ní àwọ̀ eérú bí ìyá rẹ̀, ìkẹrin funfun tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi kọ́kọ́ rí i lórí aṣọ náà, àfi imú rẹ̀ pupa tó ń mì. Omi ìbímọ àti ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ náà. Àṣé ikán ti jẹ igun ẹ̀yìn àpótí láìjẹ́ pé mo rí i, ihò ibẹ̀ ló ń fún wọn ní atẹ́gùn mí. Èmi tí mo ń wo kòkòrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Ká ní mo rí ihò yẹn tí mo dí i ńkọ́, Salomé? Ẹjẹ́nsinmi la ojú kan, ó wò wá, ó sì pa á dé.

Hanane ní, "Màmá, òun rèé! Ó ti bímọ!"

Mo dojú bolẹ̀, mo ń jẹ́wọ́, òjò, gbodò, ìdérí, mo ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹkún. Mo ní èmi fúnra mi ni màá gbé e padà sí Savalou lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àlájà gbé tẹ̀súbáà sílẹ̀. Wọ́n fi orúnkún wọ́ wá síwájú àpótí, wọ́n di etí rẹ̀ mú, wọ́n ń wò ó. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n wò ó títí, mo sì rí i tí èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni! Ẹ̀rín bí èyí tí wọ́n máa ń rín lọ́jà Savalou láyé ọjọ́un, ẹ̀rín tí a kò gbọ́ láti ọdún márùn-ún. Wọ́n ní, "Ẹ gbà mí o! Mo ti ń dágbére láti òwúrọ̀, àṣé ìkómọ ni wọ́n ń pè mí sí!"

Mo na ọwọ́ láti gbé ológbò náà jáde. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ pá. "Kí lo fẹ́ ṣe? Ta ló ń lé ìyá ìkókó kúrò lórí ẹní?"

Mo ní, "Aṣọ yín ńkọ́, Àlájà?"

Wọ́n ní, "Kí ikú lọ ṣe sùúrù. Aṣọ mi wà lọ́wọ́ abiyamọ."

Kò pẹ́ tí Alfa Amidou fi sáré dé pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta, wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò pé Àlájà ń dágbére. Wọ́n bá ẹni tó ń kú lọ nídìí ààrò, nínú aṣọ funfun, tó ń yọ egungun lára ẹja gbígbẹ fún ológbò. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìtàn náà, Alfa mi orí títí. Wọ́n sọ pé a gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé ológbò sùn sí apá ẹ̀wù Ànábì, Ànábì sì gé apá ẹ̀wù náà sílẹ̀ fún un dípò kó jí i. Àlájà ní, "Tiwọn kúkú rọrùn. Apá ẹ̀wù péré ni. Odidi aṣọ ni tèmi gbà."

Láti ọjọ́ náà, ilé wa kò rí bákan náà mọ́. Àlájà kò jẹ́ kí a pa àpótí dé. Àwọn ni wọ́n ń gbé omi fún Ẹjẹ́nsinmi, inú búútà náà ni wọ́n sì ń bu ú. Ọjọ́ kẹsàn-án tí ojú àwọn ọmọ náà là, wọ́n ké gbogbo agbo ilé jọ, ohùn wọn dé ojú títì. Ọkùnrin kan tó gbé alùpùpù wá fún Ramanou, wọ́n fà á lápá wọlé wá wo ọmọ ológbò, ó sì ń wò ó pẹ̀lú ọwọ́ òróró. Níjọ́ kan mo gbọ́ tí wọ́n ń bi Ramanou pé ọdún mélòó ni kajú fi ń so. Ramanou wò mí, mo wò ó.

Ramanou ní kò sí ìyanu kankan níbẹ̀, pé ibẹ̀ ló gbẹ, ibẹ̀ ló rọ̀, òjò ló lé e wọbẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó sídìí máṣíìnì mi, tí mo bá wo gbogbo aṣọ tó wà nínú ilé yìí, tí mo sì rántí pé ó tú gbogbo wọn wò, ó fi gbogbo wọn sílẹ̀, ẹnu yà mí, kò sì tíì pa dé. Kí ni ẹranko kékeré yìí mọ̀ tí àwa ò mọ̀? Mo máa ń wo ojú rẹ̀ nígbà mìíràn bí mo ṣe ń wo ojú àgbà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ náà ti lè gun àpótí jáde fúnra wọn, ìyá wọn sì kó wọn lọ sínú àkísà mi. Àlájà mú aṣọ náà jáde. Omi sámúsámù kò sí mọ́, omi kànga ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, wọn kò jẹ́ kí n ran àwọn lọ́wọ́. Ó mọ́, àfi ojú kan ní igun rẹ̀ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi obì. Alfa ti sọ pé bí a bá ti fọ̀ ọ́, ó ti mọ́ nìyẹn, àmì tó kù kì í ba nǹkan jẹ́. Ramanou ní ẹnì kan ń lọ Mẹ́kà lọ́dún tó ń bọ̀, yóò bá wọn ra òmíràn bọ̀. Èmi náà gbé omi javẹ́lì tí mo fi ń bó àbàwọ́n lára aṣọ dé, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré, àmì náà á pòórá.

Wọ́n jókòó sórí àpáta, wọ́n tẹ́ aṣọ náà sórí itan, wọ́n gbé ọwọ́ lé ojú tó pọ́n yẹn. Wọ́n ní, "Kafayath, láti ọdún márùn-ún ni mo ti ń rò ó pé bí mo bá dé ọ̀hún, kí ni màá fi hàn. Mo kírun, ṣùgbọ́n ọjà ni ọkàn mi máa ń wà. Mo lọ Mẹ́kà, mo bá àwọn èèyàn jà lórí ààyè níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí léèrè, igun aṣọ yìí ni màá nà sí wọn. Màá ní, abiyamọ kan ń wá ibi tí yóò bímọ sí. Kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò gbà á padà. Má fọ̀ ọ́ kúrò."

Mo gbé javẹ́lì mi padà sínú ilé.

Bá mi kí Bàbá Fiacre, kí o kí àwọn ọmọ, kí o sì kí ìyá rẹ tí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Àlájà Bilkissou ní kí n kí ọ, wọ́n pe orúkọ rẹ dáadáa, wọ́n ní o ṣeun.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yẹ̀,

Kafayath.